Ta Ló Ń Gba Lẹ́tà Alàgbà?

“Olè wo ló ń jí ṣọ́ọ̀bù, tó tún ń gbé àwòrán olóṣọ́ọ̀bù tó ti kú kọ́ síwájú rẹ̀?”

Ìbéèrè tí Morẹ́nikẹ́ fi kí Inspẹ́kítọ̀ Ọlákúnlé nìyẹn ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Kò jókòó, kò sì dúró gba ìdáhùn. Ó ti fa bébà kan yọ nínú fáìlì tó wà lórí tábìlì, ó ń gbé e sún mọ́ ojú, ó tún ń gbé e jìnnà. Ọdún méjìdínlógún ló fi wádìí lẹ́tà tó sọnù ní ilé ìfìwéránṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, tilé toko sì ń pè é ní Màmá Póòsì. Àwọn kan ní Ìkìrun máa ń sọ pé òfófó ló ń ṣe. Òun máa ń dá wọn lóhùn pé olófòófó a máa sùn. Òun kì í rí oorun sùn bí nǹkan kò bá dọ́gba.

“Màmá, fáìlì ìjọba nìyẹn o.”

“Èmi náà ti jẹ́ ìjọba rí. Dá mi lóhùn.”

Ọlákúnlé mí kanlẹ̀. Ojú fèrèsé màmá yìí ló ti máa ń gba lẹ́tà bàbá rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré, títí di òní kò sì tíì rí ọ̀nà tí yóò gbà lé e jáde ní ọ́fíìsì. Ó ro ẹjọ́ náà ní ṣókí. Adétóun, opó kan ní Inísà, ń se ọṣẹ dúdú tà. Alàgbà Ayọ̀dàmọ́lá ọkọ rẹ̀ ló ṣí ojú òpó kan fún ọjà náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kó tó kú ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà láti Ìbàdàn àti Èkó ti ń rí nọ́ńbà tí wọn yóò pè. Ṣùgbọ́n bébà tó wà lọ́wọ́ Morẹ́nikẹ́, tí ọlọ́pàá tẹ̀ jáde láti ojú òpó náà, fi hàn pé àwòrán òkú náà àti nọ́ńbà mìíràn ló wà níbẹ̀ báyìí. Obìnrin kan ní Òkúkù ló ń gbé ìpè náà, ó sì ń ta ọṣẹ tirẹ̀ fún àwọn oníbàárà olóníbàárà.

“Ta ló ń tún ojú òpó yẹn ṣe fún wọn? Olúwajùwọ́n. Ta ló bá ìyá náà jà lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, tí wọ́n fi lé e lẹ́nu iṣẹ́? Olúwajùwọ́n. Níbo ni wọ́n bí ìyá tó bí Olúwajùwọ́n? Òkúkù.” Ọlákúnlé ti ka ìka mẹ́ta. “Aago méjì ọ̀sán yìí ni ọkọ̀ máa gbé e lọ sí kóòtù ní Òṣogbo.”

Inú Morẹ́nikẹ́ kò dùn rárá. Ó mọ Juwọ́n dáadáa. Aránṣọ, onífọ́tò, ẹni tó ń ta ìyẹ́ ìrọ̀rí, ẹni tó ń yá àwọn èèyàn ní àga: àwọn oníṣòwò kéékèèké bí ogójì ní Ìkìrun ló fi ojú òpó wọn sí ìkáwọ́ ọmọ náà. Bí wọ́n bá rí i nínú ọkọ̀ kóòtù lẹ́ẹ̀kan péré, bí kóòtù bá dá a sílẹ̀ lọ́la pàápàá, ta ni yóò tún gbé kọ́kọ́rọ́ ọjà rẹ̀ lé e lọ́wọ́?

“Ṣé ẹ ti fi bébà yìí hàn án?”

“Màmá, afurasí ni. A kì í fi ẹ̀rí han afurasí.”

“Ẹ ti ẹlẹ́jọ́ mọ́lé, ẹ ò fi ẹjọ́ hàn án. Ẹ kú iṣẹ́. Mo ń lọ sẹ́yìn lọ́dọ̀ rẹ̀.”

Kí Ọlákúnlé tó rí ohun sọ, màmá náà ti dé ẹnu ọ̀nà.

*

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Juwọ́n ti wà ní àtìmọ́lé. Wọ́n ti gba bẹ́líìtì rẹ̀, ọwọ́ kan ló fi di ṣòkòtò mú. Ó fi ọwọ́ kejì gba bébà náà láàrin irin, ó wò ó, ó sì pariwo débi pé ọlọ́pàá tó ń tòògbé níbẹ̀ fò sókè.

“Ojú òpó àtijọ́ nìyí! Màmá, bó ṣe rí kí n tó fọwọ́ kan án rárá nìyí. Èmi gan-an ni mo yọ àwòrán Alàgbà kúrò lẹ́yìn ìsìnkú, nítorí Ìyá ní àwọn ò lè máa rí i.”

“Nọ́ńbà yẹn ńkọ́?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n. Ta ló ń há nọ́ńbà sórí láyé òde òní?”

“Báwo ni ohun tí o ti pa rẹ́ ṣe wá jí dìde?”

Juwọ́n sọ ọ́ fún un bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún ìyá rẹ̀. Ojú òpó kì í ṣàdédé wà lójú afẹ́fẹ́. Ilé-iṣẹ́ kan ló ń gbà á sílé, lórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó gba ti Alàgbà sílé ń jẹ́ Gbàgede, Èkó ni wọ́n wà. Bí Gbàgede bá ń kó lọ sórí ẹ̀rọ tuntun, wọ́n á kọ̀wé sí oníbàárà wọn ṣáájú: ẹ yẹ ilé yín wò, ẹ tẹ ibí yìí ká lè kó ẹrù yín mọ́ tiwa. Ẹni tí kò bá dáhùn, wọ́n á ti ojú òpó rẹ̀. Bó bá wá fẹ́ ṣí i padà, wọ́n á bi í pé èwo ló fẹ́ nínú àwọn ẹ̀dà tí àwọn ti pa mọ́ fún un láti ọjọ́ yìí wá.

“Ẹnì kan ló mú ẹ̀dà àkọ́kọ́, Màmá. Kì í ṣe olè tó wọlé. Ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè ló dáhùn.”

“Ta ni wọ́n ń kọ̀wé sí?”

“Ímeèlì Alàgbà. Orúkọ Alàgbà ni wọ́n fi gba ilé náà.” Juwọ́n fi orí ti irin. “Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ náà nìyẹn. Mo ní ẹ jẹ́ ká fi ímeèlì Ìyá sí i, ká yí pásíwọọ̀dù padà, kí àwa náà ní ẹ̀dà tiwa nílé. Ìyá bú sẹ́kún. Wọ́n ní mo fẹ́ pa orúkọ ọkọ àwọn rẹ́ kúrò láyé. Tíṣà, àbúrò Alàgbà, sì ní kí n jáde, pé òun á máa mójú tó o.”

Morẹ́nikẹ́ ti ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀ níwájú àtìmọ́lé náà bí adìẹ tó fẹ́ yé ẹyin. Nínú gbogbo lẹ́tà tó wá láyé rẹ̀, kò rí ọ̀kan tó sọnù rí. Ọwọ́ ẹnì kan ni gbogbo wọn wà. Bí wọ́n bá ń kọ̀wé sí òkú, tó sì jẹ́ pé òkú náà ń dáhùn, a jẹ́ pé ẹnì kan tó ń mí ló ń ṣí i kà.

“Màmá,” Juwọ́n ní, “ẹ̀rù ń bà mí.”

“Ó ń ba èmi náà. Di ṣòkòtò rẹ mú, mo ń bọ̀.”

*

Ní Inísà, iná kò sí lábẹ́ ìkòkò kankan. Obìnrin mẹ́jọ tó ń bá Adétóun se ọṣẹ jókòó sórí ìtì igi, wọ́n ń fi ìyẹ́ lé eṣinṣin. Ìdérí wà lórí àgbá àdín, eérú ti tutù. Adétóun fúnra rẹ̀ bọ́ síta láti pàdé àlejò. Obìnrin tó sanra díẹ̀ ni, ojú rẹ̀ wú, ìdí gèlè rẹ̀ ti tú.

Ọkùnrin kan tó wọ búbá funfun tẹ̀lé e jáde. Tíṣà Ọmọ́ṣẹ̀yìndé nìyẹn, àbúrò Alàgbà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Adétóun kì í pe orúkọ rẹ̀, nítorí ó bá a nílé ọkọ. Akọ̀wé ló ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé ìyàwó.

“Ẹ jókòó, Màmá,” ni Tíṣà wí. “Ẹ bá wa dá sí i. Láti ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n ti jí nǹkan yìí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ò jẹ, kò mu.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o.” Morẹ́nikẹ́ yíjú sí Adétóun. “Ìyá Tẹniọlá, báwo lẹ ṣe kọ́kọ́ gbọ́?”

“Ọjọ́ Àìkú ni, Màmá. A ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìjọsìn. Oníbàárà mi kan ní Ìbàdàn pè mí, ó ń bínú, pé ọṣẹ tí mo fi ránṣẹ́ kò rí bó ṣe máa ń rí. Mo ní èwo? Mi ò fi ọṣẹ kankan ránṣẹ́!” Omi bọ́ lójú rẹ̀. “Ọmọ tí mo ń fún lóúnjẹ, Màmá. Ọmọ tí mo ń pè ní ọmọ mi. Lálẹ́ àná, mo dìde ní ìpàdé àdúrà, mo dárúkọ rẹ̀ pé kí ìjọ bá mi gbé e lé Ọlọ́run lọ́wọ́.”

“Ẹ pè é lólè níwájú ìjọ?”

“Kí ni mo tún fẹ́ pè é?”

Morẹ́nikẹ́ gbé e mì. Ó béèrè fóònù tí Alàgbà ń lò.

“Àwọn ẹbí ló pín ẹrù rẹ̀,” ni Adétóun wí. “Mo wà nínú yàrá opó nígbà náà. Wọn kì í jẹ́ kí opó jókòó síbẹ̀.”

“Ó ti bàjẹ́,” Tíṣà yára dá sí i. “Bí olówó rẹ̀ ti lọ ni òun náà lọ. A ti sọ ọ́ nù.”

“Nọ́ńbà tó wà lójú òpó yẹn, ṣé ẹ ti fi fóònù yín pè é, Ìyá Tẹniọlá?”

Obìnrin náà fà sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n ní kó ki ọwọ́ bọ ihò ejò. Ó ní ṣé òun fẹ́ kí wọ́n gbá owó inú báǹkì òun lọ ni? Gbogbo ayé ló mọ̀ pé béèyàn bá pe nọ́ńbà olè, wọ́n á ti ibẹ̀ wọ fóònù onítọ̀hún. Ọlọ́pàá ló pè é, ó tó.

“Òótọ́ lẹ sọ,” ni Tíṣà wí, ó ń mi orí. “Ẹ má dán an wò o! Yahoo ni gbogbo wọn.”

Morẹ́nikẹ́ dìde. Ó kí wọn, ó sì gun ọ̀kadà tó ń dúró dè é. Gbogbo bí wọ́n ṣe ń lọ sí Òkúkù ló ń ronú, afẹ́fẹ́ ń gbá gèlè rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Àìkú. Ẹni tí wọ́n jí ẹrù rẹ̀ gbọ́ lọ́jọ́ Àìkú, ẹni tó wá bá a kẹ́dùn mọ̀ pé láti Ọjọ́ Ẹtì ni. Ó lè jẹ́ àṣìsọ. Ẹnu àgbà náà a máa ṣì í sọ. Ó sọ fún ọlọ́kadà pé kó tẹ̀ ẹ́ síwájú sí i, ọlọ́kadà ní ìyá àgbà, ṣé ẹ fẹ́ kú ni, ó ní rárá, aago méjì ni kò gbọdọ̀ lù bá òun lójú ọ̀nà.

*

Ó ti múra ìjà lọ sí Òkúkù. Ọlákúnlé ti sọ fún un pé obìnrin tó ń gbé ìpè náà kò fi ara pa mọ́ rárá, pé ó júwe ọjà rẹ̀ fún ọlọ́pàá tó ṣe bí oníbàárà. Olè tó bá gbójú tó bẹ́ẹ̀, ogun ló ní lẹ́yìn.

Ìsọ̀ ẹlẹ́wé-ọmọ ló bá. Ewé, egbò àti èèpo igi wà ní ìdì-ìdì, ìlẹ̀kẹ̀ funfun òrìṣà Ọ̀tìn sì wà lọ́rùn onísọ̀. Obìnrin tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún ni, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀.

“Ọṣẹ dúdú?” ó ní. “Ó wà, Ìyá. Ta ni yóò ta ewé tí kò ní ọṣẹ dúdú?”

“Àwọn tó ń pè yín láti Ìbàdàn, níbo ni wọ́n ti mọ̀ yín?”

“Mo bi ara mi títí! Láti ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì ni fóònù mi ò ti sinmi. ‘Ṣé ẹ ní ọṣẹ dúdú?’ Mo ní mo ní. Wọ́n ní kí n dì í sínú ọkọ̀, mo dì í. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ Ọ̀tìn tán ni, mo ní Ìyá ti gbọ́ tèmi.” Ẹ̀rín rẹ̀ dínkù. “Ṣé kò rí bẹ́ẹ̀ ni?”

Ìjà tí Morẹ́nikẹ́ gbé wá kò rí ẹni bá jà. Ó wo obìnrin náà títí, ó wá ẹ̀tàn lójú rẹ̀, kò rí i. Obìnrin tí wọ́n bi pé ṣé ó ní ọṣẹ, tó sì ní ọṣẹ: kí ló fẹ́ sọ? Àánú rẹ̀ ṣe é.

Ṣùgbọ́n Ọjọ́ Ẹtì ni ìpè ti bẹ̀rẹ̀. Tíṣà kò ṣì í sọ.

“Nígbà wo lẹ ra nọ́ńbà yìí?”

“Ọdún tó kọjá, lọ́wọ́ àwọn tó ń ta síìmù lábẹ́ agbòòrùn. Tuntun ni, inú páálí rẹ̀ ló wà.”

“Ǹjẹ́ ẹnì kan pè yín rí, tó ń béèrè ẹlòmíràn?”

Àwẹ̀ró pa àtẹ́wọ́. “Oṣù àkọ́kọ́ ńkọ́! Wọn ò jẹ́ n gbádùn. ‘Ẹ bá wa pe Alàgbà.’ Mo ní ẹ̀yin èèyàn mi, olórìṣà ni mí, kò sí alàgbà kankan nílé mi!”

Orí Morẹ́nikẹ́ wú. Ó di obìnrin náà lọ́wọ́ mú.

“Ẹ gbé fóònù yín, ẹ jẹ́ ká lọ. Ẹ ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá bá mi lọ, wọ́n á gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ sí kóòtù.”

Àwẹ̀ró wo ọjà rẹ̀, ó wo ojú màmá náà, ó sì ju aṣọ bo ẹrù rẹ̀.

*

Aago kan kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì ni wọ́n dé. Ọkọ̀ ti wà ní ìta, ó ń kùn. Juwọ́n dúró lórí àtẹ̀gùn àgọ́ ọlọ́pàá, ṣẹkẹṣẹkẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń wo ilẹ̀. Àwọn èèyàn ti pé jọ sẹ́nu géètì, àwọn oníṣòwò tí Juwọ́n ń ṣiṣẹ́ fún sì wà láàrin wọn. Kò sẹ́ni tó kí i. Adétóun àti Tíṣà jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ilé.

“Ọlákúnlé, fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.”

“Màmá, kóòtù ò ní dúró dè wá.”

“Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí mo bá pa irọ́, kí o tì mí mọ́ ọn.” Kò dúró gbọ́ èsì, ó ti fa Juwọ́n wọlé. “Ìyá Tẹniọlá, ẹ mú fóònù yín. Ẹ pe nọ́ńbà tó wà lórí bébà yìí.”

Tíṣà dìde fùú. “A ti ní a ò pè é! Wọ́n á gbá gbogbo owó…”

“Ẹni tó ní nọ́ńbà náà rèé,” ni Morẹ́nikẹ́ wí, ó fa Àwẹ̀ró síwájú. “Bó bá fẹ́ jí nǹkan, ojú gbogbo wa ni yóò ti jí i. Ẹ tẹ̀ ẹ́.”

Adétóun mú fóònù rẹ̀ jáde. Ọlákúnlé ń pe nọ́ńbà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, obìnrin náà ń tẹ̀ ẹ́ tẹ̀lé e. Kó tó dé orí èyí tó gbẹ̀yìn, fóònù náà ti gbé orúkọ jáde fúnra rẹ̀. Adétóun dúró. Ó fi etí gèlè nu ojú fóònù náà, ó tún wò ó.

“Kí ló kọ síbẹ̀?” Ọlákúnlé béèrè.

Ọlákúnlé na ọrùn, ó sì kà á sókè: “Olówó Orí Mi.”

Obìnrin náà tẹ ìpè. Fóònù Àwẹ̀ró dún nínú ilé náà.

“Ọkọ mi ni,” ni Adétóun wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ. “Nọ́ńbà ọkọ mi ni. Mo pè é lẹ́ẹ̀kan lóṣù tí Alàgbà kú, wọ́n ní ó ti pa á. Mi ò tún pè é mọ́. Mi ò sì lè pa á rẹ́.”

Morẹ́nikẹ́ jẹ́ kó sunkún díẹ̀. Òun náà ti sin ọkọ, kò ṣòro fún un láti mọ ohun tó ń dùn ún. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé. Nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò lò fún ìgbà pípẹ́, àwọn onífóònù a máa gbà á padà, wọ́n a sì tà á fún ẹlòmíràn. Èyí tí Alàgbà fi sójú òpó rẹ̀ láyé ni, kí Juwọ́n tó fi ti Adétóun rọ́pò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé nọ́ńbà olè síbẹ̀. Ojú òpó àtijọ́ ni ẹnì kan jí dìde, tòun ti àwòrán, tòun ti nọ́ńbà.

“Ẹnì kan náà ńkọ́?” Ọlákúnlé ti gbàgbé ọkọ̀ tó ń kùn níta. “Olúwajùwọ́n náà lè jí i dìde.”

“Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Tú ọwọ́ rẹ̀ kan sílẹ̀. Fún un ní fóònù tìrẹ.”

Wọ́n tú u. Ṣẹkẹṣẹkẹ ń fì lọ́wọ́ kejì. Morẹ́nikẹ́ ní kó lọ sí ẹnu ọ̀nà Gbàgede, kó sọ pé òun gbàgbé pásíwọọ̀dù Alàgbà.

“Wọ́n á fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ímeèlì Alàgbà, Màmá. Èmi ò lè rí i.”

“Mo mọ̀. Fi ránṣẹ́. Kí gbogbo yín dákẹ́.”

Ilé náà pa lọ́lọ́. Awakọ̀ tó wà níta pàápàá ti pa ẹ́ńjìnnì. Nǹkan kan ké nínú àpò búbá funfun kan, ó ké kékeré bí ọmọ ẹyẹ.

“Ẹ̀ẹ̀kan sí i,” ni Morẹ́nikẹ́ wí.

Juwọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Àpò náà tún ké.

“Nígbà tí mo wà ní póòsì,” Morẹ́nikẹ́ sọ fún Ọlákúnlé, ṣùgbọ́n Tíṣà ló ń wò, “bí lẹ́tà bá ń sọnù, a kì í lépa ẹnikẹ́ni. A ó fi lẹ́tà tiwa ránṣẹ́ sí àdírẹ́ẹ̀sì kan náà, a ó wá jókòó máa wo ilé tó máa wọ̀. Tíṣà, ẹ sọ fún mi láàárọ̀ yìí pé láti ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì ni. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín ò gbọ́ títí di ọjọ́ Àìkú. Obìnrin yìí nìkan ló mọ̀ pé Ọjọ́ Ẹtì ni, nítorí òun ni fóònù rẹ̀ ń dún. Òun, àti ẹni tó tẹ̀ ẹ́.”

Tíṣà fi ọwọ́ bo àpò rẹ̀. Ó fa fóònù náà yọ, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì jókòó.

Wọ́n ti fún un ní fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà tí wọ́n pín ẹrù. Ó yọ síìmù sọ nù, ó fi tirẹ̀ sí i. Ímeèlì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́. Lẹ́tà Gbàgede wọlé nígbà mẹ́rin. Tẹ ibí, tẹ ibí. Kò sì sí ọjọ́ tí báǹkì, rédíò àti pásítọ̀ kì í kìlọ̀ pé ẹ má tẹ ohunkóhun. Ó ní yahoo ni wọ́n, ó ń pa wọ́n rẹ́. Nígbà tó di Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n kọ̀wé pé àwọn ti ti ojú òpó náà, kó yan ẹ̀dà tó fẹ́ kí àwọn fi ṣí i. Ẹ̀rù bà á, ó tẹ èyí tó wà lókè pátápátá.

“Ẹ̀gbọ́n mi ló yọ síta,” ó ní. “Ó ń rẹ́rìn-ín lẹ́bàá ìkòkò. Inú mi dùn, mo rò pé mo ti tún un ṣe. Ìgbà tí ariwo ta lọ́jọ́ Àìkú ni mo mọ̀ pé mo ti bà á jẹ́.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, Akọ̀wé?” Adétóun kò pariwo. “Ẹ̀yin lẹ mú mi wá síbí. Ẹ̀yin lẹ bá mi kọ ìwé ẹ̀sùn.”

“Ojú ń tì mí. Èmi ni mo ní kí ọmọ yẹn jáde, pé mo mọ̀ ọ́n ṣe jù ú lọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?”

“Nítorí ojú ń tì yín,” ni Juwọ́n wí, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ sí i nìyẹn, “wọ́n fẹ́ gbé mi lọ sí ẹ̀wọ̀n.”

Ọlákúnlé pa fáìlì dé. Ó ní kí Tíṣà wọ inú lọ́hùn-ún, òun ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ máa sọ lórí fífi ẹ̀sùn èké kan ọmọlúàbí.

*

Juwọ́n jáde padà sórí àtẹ̀gùn, kò sì kúrò níbẹ̀. Wọ́n ti tú ọwọ́ rẹ̀ kejì, wọ́n ti dá bẹ́líìtì rẹ̀ padà, síbẹ̀ ó dúró, ó ń wo àwọn tó wà lẹ́nu géètì. Àwọn náà ń wò ó. Wọn kò gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé; ohun tí wọ́n mọ̀ kò ju pé ọmọ tó wọ àtìmọ́lé ti jáde, àwọn èèyàn sì lè ro ohunkóhun sí ìyẹn.

Adétóun rí i. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Juwọ́n kọjá, ó sọ̀kalẹ̀ dé ẹnu géètì, ó tú gèlè rẹ̀ kúrò lórí, ó sì fi í gbá ìdí.

“Ẹ̀yin ará Ìkìrun!” Ohùn tó fi ń ṣe olórí àwọn ọlọ́ṣẹ mẹ́jọ lẹ́bàá iná ló fi sọ ọ́. “Èmi Adétóun, ọlọ́ṣẹ Inísà, mo purọ́ mọ́ ọmọ yìí. Kò jí nǹkan kan. Ó sọ òótọ́ fún mi lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo lé e jáde. Bí mo bá tún jókòó ní ìjọ lọ́jọ́ Àìkú láì sọ ọ́ níbẹ̀, kí ẹ wá bi mí.”

Ariwo sọ. Obìnrin kan tó ń yá àga wá kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Juwọ́n, tèmi ńkọ́? Ímeèlì ta ló wà lórí tèmi?” Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò ṣeré. Aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà ti ń béèrè.

Juwọ́n jókòó. Ó fi apá nu ojú, ó tún nù ún.

Adétóun padà wá, ó na fóònù rẹ̀ sí i.

“Gbà. Yọ orúkọ Alàgbà kúrò. Fi tèmi sí i. Mi ò ní sunkún.” Ó ti ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́.

Juwọ́n kò gba fóònù náà. Ó wo Morẹ́nikẹ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ìyá náà, ó sì sún díẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kí àyè lè wà.

“Ẹ jókòó, Ìyá. N ó máa sọ ibi tí ẹ máa tẹ̀ fún yín. Kọ́kọ́rọ́ yín ni, ọwọ́ yín ló gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́.”

Adétóun jókòó tì í, ó gbé fóònù lé orúnkún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ìka kan ṣoṣo tẹ orúkọ ara rẹ̀.